Àwọn Alábàárù Tí Ojú Kò Rí Nínú Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ ẹja ni, ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé wa náà sì ni.

Àwa tí a ń gbé nítòsí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ mọ òórùn kan dáadáa. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé ṣinṣin, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, omi etí bèbè á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ewéko tó bo ojú omi á pọ́n, á rà, á sì rì. Òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ á gba àdúgbò kan. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ẹja á máa yọ ẹnu sókè omi bí ẹni tó ń wá èémí, òmíràn á sì léfòó kú.

Nígbà náà ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ lágbo wa. Ẹlòmíràn á ní wọ́n da májèlé sí omi ni. Ẹlòmíràn á ní inú ló ń bí Ọlọ́sà, nítorí a ti pa ẹbọ rẹ̀ tì. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kẹ́míkà láti Kútọnu ni. Kò sí ọdún tí a kì í sọ ọ́, kò sì sí ọdún tí a sọ ọ́ dórí ibì kan. Ìdí nìyí tí a fi pinnu láti bi àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi léèrè, tí a sì ka ohun tí a rí kà. Ohun tí a bá níbẹ̀ yà wá lẹ́nu. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mílíọ̀nù kan nínú wọn lè wà nínú ìwọ̀nba omi òkun tí kò kún ṣíbí kékeré.

Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n. Bakitéríà ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ti gbọ́ pé kòkòrò wà nínú omi, àrùn ló ń wá sí wa lọ́kàn. A kò jẹ̀bi. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí àrùn onígbáméjì ti ṣe ní ìlú yìí, kòkòrò tó ń fà á sì lè gbé inú omi ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a fi ti olè kan pe gbogbo ará àdúgbò lólè, a ó ṣi ẹni rere mú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kòkòrò inú omi kò bá ènìyàn jà rárá. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún ló sì jẹ́ kí a rí ẹja jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí rẹ̀ bọ̀.

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 78 nínú rẹ̀ jẹ́ ohun kan tí wọ́n ń pè ní nitirójìn. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ilé-ìwé Faransé mọ̀ ọ́n sí azote. Ọ̀nà 21 ni ọ́síjìn tí ara wa ń lò. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló nílò nitirójìn: òun ni ara fi ń kọ́ ẹran ara, òun ló wà nínú ẹja, nínú ẹ̀wà, nínú ẹyin, nínú irun orí wa pàápàá. Láìsí i, ewé kò lè hù, ọmọ kò lè dàgbà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò ṣeé lò. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Nitirójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń rìn ní méjì-méjì, àwọn méjèèjì sì so mọ́ ara wọn ní ìdè mẹ́ta tó le koko. Igi kò lè já a. Ẹja kò lè já a. Àwa náà ń mí i sínú, a sì ń mí i jáde bó ṣe wọlé, láìrí ohunkóhun mú níbẹ̀.

Mànàmáná máa ń já díẹ̀ nínú ìdè yìí nígbà òjò. Àwọn ènìyàn náà wá ọ̀nà tiwọn: ní ọdún 1909, Fritz Haber ní Jámánì fi hàn pé a lè fi nitirójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà, Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní ọdún 1913. Ibẹ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó inú àpò tí à ń rà lọ́jà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà: iná tó gbóná ju ìwọ̀n 400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti ìfúnpá tó tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

Bakitéríà ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú omi tútù, láìdáná, láìsí irin kankan.

Àwọn bàbá wa tó ń dáko ní Sakété àti Pọ̀bẹ̀ ti jẹ nínú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àgbàdo bá ti jẹ ilẹ̀ kan tán, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà ló yẹ kí a gbìn tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ náà lè sọjí. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ilé àwọn bakitéríà ni kókó wọ̀nyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Martinus Beijerinck, ló kọ́kọ́ yọ wọ́n jáde tó sì sìn wọ́n lọ́tọ̀ ní ọdún 1888. Ẹ̀wà ń fún wọn ní oúnjẹ àti ibùgbé, wọ́n sì ń fún ẹ̀wà ní nitirójìn. Àjọṣe tó dán mọ́rán ni.

Òkun náà ní tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Trichodesmium, tó pọ̀ nínú omi òkun ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Bó bá kóra jọ, ojú lásán lè rí i: ó ń léfòó bí ìyẹ̀fun pákó lórí omi. Òmíràn tún wà tí ìtàn rẹ̀ dùn gan-an. Ní ọdún 1998, Jonathan Zehr ní Amẹ́ríkà rí àmì kòkòrò kan nínú omi òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n kò rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ní Japan, obìnrin onímọ̀ kan, Kyoko Hagino, lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láti sin ewédò kékeré kan tí kòkòrò yìí ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n kéde ní ọdún 2024 pé kòkòrò náà kì í tún ṣe àlejò nínú ewédò ọ̀hún mọ́. Ó ti di ẹ̀yà ara rẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀yà ara wa. Àlejò tó pẹ́ títí ti di ọmọ ilé.

Bí nitirójìn bá ti wọ inú omi báyìí, ìrìn àjò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Ouando ṣe àpèjúwe, nítorí kò sí ọmọ Àjàṣẹ́ tí kò mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Àwọn kan ń kó ẹrù wọlé láti oko. Àwọn kan ń tà, àwọn kan ń rà. Àwọn alábàárù ń gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tó bá di alẹ́, àwọn agbálẹ̀ á kó ìdọ̀tí jáde. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá dáṣẹ́ dúró, gbogbo ọjà ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Bẹ́ẹ̀ ni inú omi ṣe rí. Àwọn tó ń já ìdè nitirójìn ni wọ́n ń kó ẹrù wọlé. Ewédò ń jẹ ẹ́, edé àti ẹja kéékèèké ń jẹ ewédò, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré, àwa náà sì ń jẹ ẹja. Bí ẹja bá tọ̀, bí ewé bá jẹrà, bí ohun kan bá kú, ẹgbẹ́ kejì á tú u palẹ̀, nitirójìn inú rẹ̀ á sì di amóníà. Amóníà yìí ni òórùn tó ń ta wá nímú ní ilé ìtọ̀. Bó bá pọ̀ nínú omi, ó ń pa ẹja.

Ẹgbẹ́ kẹta ló ń gba ẹja là. Ìsọ̀rí méjì ni wọ́n. Èkíní á sọ amóníà di nítíráìtì, èkejì á sọ nítíráìtì di nítíréètì, èyí tí kì í tètè ṣe ẹja ní ibi, tó sì jẹ́ oúnjẹ fún ewédò. Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà, ló tú àṣírí wọn ní ọdún 1890. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé bakitéríà nìkan ló ń ṣe apá àkọ́kọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tó di ọdún 2005, wọ́n rí òmíràn tí kì í ṣe bakitéríà, tí ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, nínú àgbá ẹja ìwòran kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú òkun gbogbo ayé, ṣùgbọ́n inú àgbá gíláàsì tí àwọn ọmọdé ń wò ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un.

Ẹgbẹ́ kẹrin ni àwọn agbálẹ̀. Inú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn kò dé ni wọ́n ń gbé. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò rí ọ́síjìn mí, nítíréètì ni wọ́n fi ń mí dípò rẹ̀, wọ́n á sì dá nitirójìn padà sínú afẹ́fẹ́ tó ti wá. Báyìí ni òkun kì í fi í kún jù, tí kì í sì í gbẹ jù. Ohun tó wọlé ń jáde, ohun tó jáde sì ń wọlé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi òkun etíkun wa láti Côte d'Ivoire dé Gánà máa ń tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ìtutù náà sì máa ń nà dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín díẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ ló ń gòkè. Nítíréètì tí àwọn kòkòrò ti ń ṣe jọ nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń bá a gòkè. Bí oòrùn bá ti kàn án, ewédò á pọ̀, ẹja á sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló mú kí ẹja ṣáwá pọ̀ ní àsìkò yẹn. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja mọ àsìkò náà dáadáa. Ìtàn bí ẹja náà ṣe dé ibẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sínú ọ̀sà tiwa.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ kò dá wà. Odò Ouémé ń ti àríwá gbé omi wá fún agbègbè wa. Ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà omi Totchè so wá pọ̀ mọ́ ọ̀sà Nokoué, níbi tí Ganvié wà. Nokoué sì já sí òkun ní Kútọnu, nípasẹ̀ ẹnu odò tí àwọn Faransé là ní ọdún 1885. Láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ ti ń wọlé ju ti àtijọ́ lọ. Ní ìlà-oòrùn, omi wa ń ṣàn lọ sí Badagry, ó sì ń bá a lọ títí dé Èkó. Ọlọ́pàá ààlà wà lójú títì Kraké. Lórí omi, ohun tí a bá dà sínú ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ kò ní àǹfààní láti dúró fi ìwé hàn ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ọdún méjì ló wà nínú ọdún kan lórí omi wa. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, Ouémé á kún, omi á di omi dídùn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi odò á fà, omi òkun á sì wọlé láti Kútọnu. Ewéko olódòdó àlùkò tí à ń pè ní jacinthe d'eau kò fara da iyọ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá sí ayé wa. Ojúoró àti òṣíbàtà tí àwọn àgbà ń dárúkọ nínú ìwúre jẹ́ ọmọ ilé. Èyí jẹ́ àlejò tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní odò Badagry, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ó sì gbà kọjá. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń bá a jà títí dòní, ẹ fi orí jì wá.

Ewéko yìí kò dédé pọ̀. Ó ń jẹun ni. Oúnjẹ rẹ̀ ni nitirójìn tó ti ṣáláńgá wa wá, tó ti ààtàn etí omi wá, tó ti ajílẹ̀ oko wá. Ní gbogbo ìgbà tí omi bá dùn, ó ń fà á mu, ó ń sanra. Nígbà tí iyọ̀ bá pa á, ó di ìdọ̀tí ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò tó ń tú òkú palẹ̀ á bò ó, wọ́n á sì mí ọ́síjìn inú omi tán. Ẹgbẹ́ kẹta tó yẹ kó gba ẹja lọ́wọ́ amóníà nílò ọ́síjìn kó tó lè ṣiṣẹ́. Ọ́síjìn kò sí mọ́, wọ́n dáṣẹ́ dúró. Amóníà ń pọ̀ sí i. Àwọn agbálẹ̀ inú ẹrẹ̀ á lo nítíréètì tó kù tán. Lẹ́yìn wọn ni òmíràn á jáde, tó ń fi ohun kan nínú iyọ̀ òkun mí, èyí tí wọ́n ń pè ní súlífétì. Èémí rẹ̀ ni òórùn ẹyin bíbàjẹ́ yẹn. Májèlé sì ni òórùn náà fún ẹja àti fún àwọn alábàárù wa pẹ̀lú.

Ohun tó ń rùn láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá da oògùn sí omi. Ẹrù ló ju agbára alábàárù lọ.

Nígbà tí a sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń pẹja ní apá Aguégués, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bó bá jẹ́ pé kòkòrò ló ń tún omi ṣe, ṣebí kí á jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ ni? Kí ló kàn wá?" A ní, "Ẹ̀gbọ́n, acadja yín ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ acadja, ẹ̀ka igi ni àwọn apẹja wa máa ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí ọgbà. Ohun yíyọ̀ kan máa ń hù bo àwọn ẹ̀ka náà. Ewédò àti bakitéríà ni ohun yíyọ̀ yẹn. Ẹja èpìyà ń wá jẹ ẹ́, ó sì ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ìtọ̀ ẹja ń bọ́ àwọn kòkòrò ara igi, àwọn náà ń bọ́ ẹja. Ẹ̀gbọ́n wa ti ń jẹun nínú iṣẹ́ kòkòrò àìfojúrí láti kékeré. Bàbá rẹ̀ náà jẹ níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ walẹ̀, ó wá sọ pé, "Ìyẹn ni pé bí a bá rì igi jù níbi tí omi kò ti ṣàn, tí igi ń jẹrà, a ń pa ẹran ọ̀sìn tiwa nìyẹn." A kò ní ohun tí a lè fi kún un. Òun ló mọ omi, ó sì ti gbọ́ ọ ju àwa tí a sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe apẹja nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kàn gbogbo ilé tó ní kànga ní Àjàṣẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá wa, kànga àti ṣáláńgá kò jìnnà síra wọn. Ilé kún, àyè kò sí. Ohun tó ń bọ́ sínú ṣáláńgá ń di amóníà, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ sì ń sọ ọ́ di nítíréètì, gẹ́gẹ́ bí ti inú omi. Nítíréètì ń yọ́ sínú omi ilẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò yí ìtọ́wò omi padà tó ohun tí ènìyàn á fura sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló léwu fún jù, pàápàá bí wọ́n bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún un: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé ọ́síjìn dáadáa mọ́, ètè àti èékánná rẹ̀ á sì yí sí búlúù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: síse omi ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú nítíréètì kúrò. Bí omi bá gbẹ díẹ̀ lórí iná, nítíréètì inú èyí tó kù á tún le sí i ni. Omi ẹ̀rọ tàbí omi tí a ti yẹ̀ wò ni kí ẹ lò fún ọmọ ọwọ́.

Omi ilẹ̀ yìí kan náà ló ń ṣàn lábẹ́lẹ̀ lọ sínú ọ̀sà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa àti ọ̀rọ̀ ẹja Badagry, okùn kan náà ni.

Ìyá wa kan tó ń yan ẹja láti ìgbà èwe rẹ̀ sọ fún wa pé agbọ̀n tó máa ń kún fún èpìyà tẹ́lẹ̀ kì í dé ìdajì mọ́. A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru nitirójìn. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù ń kó ọmọ ẹja kí wọ́n tó dàgbà. Àwọn apẹja ti pọ̀ sí i. Ẹrẹ̀ ń kún ọ̀sà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni èyí tí ọwọ́ àwa ará ìlú tó láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Kí la lè ṣe? Ohun mẹ́ta la rí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun fífi etí ọ̀sà ṣe ààtàn. Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí a bá fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ omi, a ó da ìdọ̀tí sí i títí yóò fi gbẹ. Ilẹ̀ tí a rà báyìí, omi ló ń san owó rẹ̀. Ibi tí koríko àti ẹrẹ̀ wà létí omi ni ilé àwọn agbálẹ̀ tó ń dá nitirójìn padà sí afẹ́fẹ́. Bí a bá sin ilé wọn, ta ni yóò gbálẹ̀?

Èkejì, ọkọ̀ tó bá wá kó ṣáláńgá yín, ẹ bèèrè ibi tó ń gbé e lọ. Ìbéèrè náà kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí gbogbo ilé bá ń bèèrè, ẹni tó fẹ́ lọ dà á sí etí odò lóru yóò mọ̀ pé ojú ń wo òun.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, òun náà ló sì rọrùn jù. Ewéko jacinthe d'eau ti bá wa fa nitirójìn jáde nínú omi ní gbogbo àsìkò ìkún omi. Iṣẹ́ rere ló ṣe fún wa, bó bá jẹ́ pé a kó o jáde. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí iyọ̀ fi pa á, gbogbo ohun tó jẹ ni yóò dá padà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ní àsìkò tí omi kò ní okun tó láti gbà á. Nítorí náà, oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ni àsìkò rẹ̀, kí omi iyọ̀ tó dé, nígbà tí ewé ṣì tutù. Bí a bá dúró dìgbà tó bá ń rùn kí a tó pariwo, ọjà ti tú.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní ìlú wa. Ní Songhaï, ibùdó tí bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1985, wọ́n ti ń fi hàn láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìdọ̀tí ibì kan lè di oúnjẹ ibòmíràn. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ewéko ṣe gáàsì ìdáná, wọ́n sì ń kó èyí tó ṣẹ́ kù lọ sí oko. Kòkòrò kan náà tí à ń bẹ̀rù ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, kó lọ wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gbin gbọ̀rọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì nítòsí Adjarra àti Sèmè nílò ajílẹ̀, àpò kan ajílẹ̀ òyìnbó sì ti wọ́n ju ohun tí wọ́n lè máa rà lemọ́lemọ́ lọ. Ajílẹ̀ wọn ń léfòó lórí ọ̀sà, a ń wò ó. Kí a kó o, kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ àti eérú, kí a yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì jẹrà lórí ilẹ̀ gbígbẹ dípò inú omi. Ẹ kàn rántí pé kí ẹ má kó èyí tó hù lẹ́bàá ibi tí epo rọ̀bì tàbí omi ilé-iṣẹ́ ń dà sí, nítorí ewéko yìí tún máa ń fa májèlé irin sára.

Ní àdúgbò wa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ ọ́: àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn obìnrin oníẹ̀fọ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ọlọ́kọ̀ á kó o dé èbúté, ọlọ́mọlanke á gbé e dé oko, oníẹ̀fọ́ á san owó kékeré. Bí owó bá wà níbẹ̀ fún ẹni tó ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà kò ní kú lẹ́yìn ọjọ́ kìíní. Àwọn ará wa Ègùn wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ló mọ ọ̀sà jù wá lọ. A kò tíì mọ ibi tí yóò já sí. Ohun tó dá wa lójú ni pé gbogbo ọkọ̀ kan tó bá kúrò lórí omi kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ó ti kúrò lórí àwọn alábàárù wa nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa ní Badagry, a fẹ́ bẹ̀ yín. Nígbà tí ewéko náà bá kọjá lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí, ẹ bá wa kọ ọjọ́ tó dé sílẹ̀ níbí, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Àwa náà yóò kọ tiwa. Bí a bá fi ọjọ́ méjèèjì wé ara wọn, a ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ jáde ní ọdún tó ń bọ̀.